Ìbọn Kátíríìjì, Ìbọn Ìléwọ́ tàbí Ráífù: Ìfiwéra fún Ẹbí Tí Ó Fẹ́ Dáàbò Bo Ilé Rẹ̀

Ẹni tí òfin ìlú rẹ̀ gbà láàyè láti ní ìbọn nílé, tí ó sì ti pinnu láti ra ọ̀kan nítorí ààbò ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti ibi agbára: èwo ni ọta rẹ̀ tóbi jù, èwo ni ariwo rẹ̀ ń dẹ́rù bani jù. Mo fẹ́ kí a gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó ra ìbọn lè má sí nílé ní òru tí wàhálà bá dé, kí ó wá jẹ́ pé ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́, tàbí aya tí kò ga, ni yóò gbé e. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo fi wọn gbogbo ìbọn tí mo mẹ́nu bà níhìn-ín: ǹjẹ́ àgbàlagbà tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú ilé lè ki í, kí ó fojú sùn, kí ó yìn ín kí ó sì ba ohun tí ó fojú sùn, kí ó sì tú ọta inú rẹ̀ kúrò láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe? Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ògiri, ti ọmọdé àti ti ibi ìpamọ́ tó kàn.

Òfin máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tí a lè yàn kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1997 ni ìbọn ìléwọ́ ti di èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ aráàlú. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka písítù, tí í ṣe ìbọn ìléwọ́, mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1968 fi ọmọ ọdún 21 ṣe ààlà fún ẹni tí yóò ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ, ó sì fi 18 ṣe ti ìbọn gígùn. Òfin tí ó sọ ìgbà tí ènìyàn lè yìnbọn láti gba ara rẹ̀ là náà yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ẹni tí kò bá sì tíì kà á ní ìlú tirẹ̀ kò tíì tó ẹni tí ń ra ìbọn.

Ìbọn kátíríìjì

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbọn kátíríìjì ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fàyè gbà jù, nítorí pé ìbọn ọdẹ ni wọ́n kà á sí. Nọ́ńbà tí a fi ń pè é, 12 tàbí 20, jẹ́ iye ọta òjé róbótó tí ó bá ihò ìbọn náà mu tí àpapọ̀ wọn yóò wọn pọ́n-ùn kan, ìdí sì nìyẹn tí 20 fi kéré ju 12 lọ: ihò 12 fẹ̀ tó mìlímítà 18.5, ti 20 sì jẹ́ nǹkan bíi 15.6. Kátíríìjì 12 tí wọ́n fi ọta ńlá tí a ń pè ní 00 kún inú rẹ̀ sábà máa ń ní ọta 8 tàbí 9, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó mìlímítà 8.4, tí gbogbo wọn sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ìyára nǹkan bí 400 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ìbọn mìíràn nínú ìfiwéra yìí tí yíyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ṣe tó èyí.

Agbára yìí ni ó bí ìgbàgbọ́ kan tí ó léwu, pé ọta ìbọn kátíríìjì máa ń fọ́n kún yàrá débi pé ẹni tí ó yìn ín kò nílò láti fojú sùn. Ní ìwọ̀n mítà 5, tí í ṣe gígùn yàrá tí ó tóbi díẹ̀, gbogbo ọta 00 náà sábà máa ń kó jọ sí ibi tí kò fẹ̀ ju ìbú ọwọ́ lọ. Ẹni tí kò bá fojú sùn yóò tàsé, ọta mẹ́sàn-án ni yóò sì lọ síbi tí kò pinnu láti rán an.

Láàárín 12 àti 20, 20 ni mo fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé. Èjìká tí kò mọ ìbọn yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí 12 bá ta á, ẹni tí ìbọn bá sì ti ta lẹ́ẹ̀mejì kì í fẹ́ padà lọ ṣe ìdánrawò. Ìwọ̀nba ni 20 ń ta èjìká, agbára rẹ̀ sì tó fún ohun tí ilé nílò. Àǹfààní 12 ni pé kátíríìjì rẹ̀ wọ́pọ̀ ju ti 20 lọ, pàápàá èyí tí ó ní ọta ńlá nínú, àti pé wọ́n ń ṣe kátíríìjì 12 kan tí wọ́n dín ìta rẹ̀ kù. Bí gbogbo àgbàlagbà ilé bá lágbára, tí wọ́n sì ti yin ìbọn rí, 12 pẹ̀lú irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ dára. Èyíkéyìí tí a bá yàn, ìdí ìbọn tí ó gùn jù fún ẹni kúkúrú máa ń jẹ́ kí ìbọn ta ni ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí náà kí ẹni tí apá rẹ̀ kúrú jù nínú ilé gbé e sí èjìká kí a tó sanwó.

Oríṣi mẹ́ta ni ìbọn kátíríìjì tí a sábà máa ń rí. Pọ́ḿpù ni èyí tí ọwọ́ ń fà sẹ́yìn tí ó sì ń tì síwájú kí kátíríìjì mìíràn tó wọlé. Remington 870, tí ó jáde ní ọdún 1950, ni a mọ̀ jù nínú irú rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ó lágbára, kò wọ́n tó èkejì rẹ̀, kò sì yan kátíríìjì jẹ, àmọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lè má fà á dé ìdí, ìbọn yóò sì há. Èyí tí ń ki ara rẹ̀ kì í béèrè fífà yìí, èyí tí ó sì ń lo èéfín ẹ̀tù láti ṣiṣẹ́ máa ń mú ìta rọlẹ̀; ohun tí a fi ń san án ni owó tí ó pọ̀ sí i àti kátíríìjì tí kò lágbára tó tí ó lè kọ̀ láti gbà. Ẹlẹ́nu méjì ni ó rọrùn jù láti yẹ̀ wò: ènìyàn yóò ṣí i, yóò wo ojú ihò méjèèjì, yóò sì mọ̀ dájú pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó ń yìn. Síbẹ̀, fún arúgbó tí ó dá gbé, tí kò sì fẹ́ kọ́ ohun tuntun, n kò ní bá ẹni tí ó bá yan ẹlẹ́nu méjì jiyàn.

Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn kátíríìjì, ohun tí a ń tì láti dènà yíyìn kò ju pé ó di ohun ìfà (ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn) mú lọ. Bí ìbọn tí kátíríìjì wà ní ìdí ọ̀pá rẹ̀, níbi tí ó ti ń yìn, bá ṣubú láti ibi gíga, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí ó yẹ láti fi pa á mọ́ ni kí ibi tí ó ti ń yìn ṣófo, kódà bí kátíríìjì bá wà nínú àpótí ọta rẹ̀.

Ìbọn ìléwọ́

Ìbọn ìléwọ́ ni ó rọrùn jù láti gbé, òun náà ni ó sì ṣòro jù láti yìn dáadáa. Ìbọn gígùn ní ibi mẹ́rin tí ó ti fara kan ara wa, ìyẹn ọwọ́ méjèèjì, èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni ó di ìbọn ìléwọ́ mú. Ìka tí ó fà á lójijì ti tó láti gbé ẹnu ìbọn kúrò lójú ibi tí a fojú sùn, nítorí kíkúrú ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tí kò lè yọ̀ǹda àkókò fún ìdánrawò déédéé kò yẹ kí ó fi ìbọn ìléwọ́ ṣe ìbọn kan ṣoṣo tí yóò ní.

Àmọ́ ó ní ohun tí àwọn yòókù kò ní. Ọwọ́ kan lè gbé e nígbà tí ọwọ́ kejì ń fa ọmọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí ó ń pe ọlọ́pàá lórí fóònù. Ó sì lè wọ inú àpótí irin kékeré tí a dè mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, èyí tí ìka onílé yóò ṣí kíákíá, tí ọwọ́ ọmọ kò sì ní lè ṣí. Ní ilé tí ọmọdé wà, àǹfààní yìí tóbi gan-an, ó sì lè borí ohun gbogbo tí mo ti sọ lókè.

Ọta mìlímítà 9 ni mo gbà ní ìmọ̀ràn. Georg Luger ará Austria ni ó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òun sì ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lónìí láàárín àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun kárí ayé. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sí ọta tí ó tóbi jù ú lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2014 ni FBI ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi fẹ́ padà sí i: ọta 9 tí wọ́n ń ṣe lóde òní ń wọlé jìn tó bí wọ́n ṣe fẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ń fi í yìn yára, wọ́n sì ń bà jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni ìbọn, ó rí bẹ́ẹ̀ jù fún onílé.

Nípa písítù àti rifọ́fà, èyí tí ọta rẹ̀ ń yí po nínú àgbá kékeré kan, ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń fúnni tí n kò fara mọ́: pé kí a ra rifọ́fà fún obìnrin àti fún arúgbó nítorí pé ó rọrùn. Ó rọrùn láti lóye lóòótọ́. Kò sí àpótí ọta tí a ń tì bọ̀ ọ́, bí kò bá yìn, a ó tún un fà. Ṣùgbọ́n ohun ìfà rẹ̀ le, ó sábà máa ń béèrè agbára tí ó tó kílò 4 tàbí 5 láti fi ìka kan fà, ìka tí làkúrègbé ti mú kò sì lè fà á láìmì tìtì. Rifọ́fà kékeré fífúyẹ́ tí ń lo ọta .38 Special, ọta tí Smith & Wesson gbé jáde ní ọdún 1898, tún máa ń ta ọwọ́ gan-an, ọta 5 tàbí 6 péré ni ó sì ń gbà. Písítù ní tirẹ̀ ní ẹ̀yìn tí a gbọ́dọ̀ fà kí ọta tó wọlé, èyí tí ó lè le fún ọwọ́ arúgbó. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kí ẹ̀yìn wọn lè rọrùn láti fà. Kí arúgbó náà fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ dán méjèèjì wò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a yàn.

Ìwọ̀n písítù tún ṣe pàtàkì. Èyí tí ó kéré púpọ̀, tí wọ́n ṣe fún àpò, kò yẹ fún ilé. Kò sí ìdí láti pàdánù ìdúró dáadáa lọ́wọ́ nítorí kékeré ìbọn tí a kò ní gbé pamọ́ sára. Písítù tí ó tóbi tó kí gbogbo ìka di í mú, bí irú Glock 17 tí àwọn ọmọ ogun Austria gbà ní ọdún 1982, tí ó ń gba ọta 17, ni ó dúró jù lọ́wọ́.

Ráífù

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ráífù fífúyẹ́ tí ń lo ọta .223 tàbí 5.56, irú èyí tí Eugene Stoner ṣe àwòrán rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ArmaLite ní àwọn ọdún 1950, ni ó rọrùn jù fún ẹni tuntun láti yìn kí ó sì bà. Ọta rẹ̀ kò wúwo, nǹkan bíi gíráàmù 3.6 ni èyí tí ó wọ́pọ̀, ó sì ń fò ju 900 mítà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ kì í ta èjìká tó ìbọn kátíríìjì. Àpótí ọta rẹ̀ sábà máa ń gba 30, àfi níbi tí òfin bá ti dín in kù sí 10. Bí agbára ọwọ́ nìkan bá jẹ́ ìwọ̀n wa, ráífù yìí ni yóò gba ipò kìíní.

Ohun tí ó ń fà á sẹ́yìn ni òfin, owó, ọ̀nà jíjìn tí ọta rẹ̀ lè lọ bí ó bá tàsé tí ó sì jáde lójú fèrèsé, àti ariwo. Gbogbo ìbọn tí a ń sọ níbí ń dún ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 lọ, ìwọ̀n tí ariwo òjijì ti lè ba etí jẹ́ títí láé, ṣùgbọ́n ti ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú nínú yàrá tí a ti tì burú jù. Ẹni tí ó bá yàn án yẹ kí ó fi ohun ìdáàbòbo etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ráífù tí ń lo ọta písítù mìlímítà 9 wà láàárín méjèèjì: ó dúró sí èjìká bíi ráífù, ariwo rẹ̀ kéré díẹ̀, ọta rẹ̀ sì rọrùn láti rí. Fún ẹbí tí ó ti ní písítù 9, ó jẹ́ ẹnìkejì rere.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí olùkàwé dúró sí jù. Ògiri tí wọ́n fi pátákó àti páálí símẹ́ńtì tàbí jípúsọ́ọ̀mù ṣe kì í dá ọta dúró. Ọta písítù, ọta 00 àti ọta ráífù ni yóò gba inú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá, ó sì lè jẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ọta .223 tí ó fúyẹ́, tí wọ́n ṣe kí orí rẹ̀ lè fọ́, máa ń yí sódì tàbí kí ó fọ́ lẹ́yìn ògiri àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà ó ń pàdánù agbára ju ọta písítù lọ, òdìkejì ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò. Ọta tí irin bò lórí látòkè délẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe ìdánrawò, kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ó jẹ́ èyí tí ó wà nínú ìbọn ààbò. Ọta kátíríìjì wẹ́wẹ́ tí a fi ń pa ẹyẹ kì í jìn tó bẹ́ẹ̀ nínú ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kì í jìn tó nínú ara ẹni tí ó wá pa ni. Ẹni tí ó bá yàn án nítorí aládùúgbò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun kan ni òun fi gba òmíràn.

Kò sí ọta kan tí ó tó láti dá ẹni búburú dúró tí kò lè gba ògiri fífúyẹ́ kọjá. Nítorí náà, kí ẹbí rìn yíká ilé ní ọ̀sán, kí wọ́n dúró síbi tí wọn yóò sá sí, kí wọ́n sì wo ọ̀kánkán: yàrá ta ni ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn? Bí ó bá jẹ́ yàrá ọmọ, ibùdó ìsásí ni kí a yí padà, kí gbogbo ẹbí máa kó jọ sí yàrá kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ le, kí ẹnu ìbọn sì kọjú sí ògiri bíríkì tàbí kọnkéré. Iná tí a so mọ́ ìbọn, tàbí tọ́ọ̀ṣì tí a mú lọ́wọ́, kì í ṣe àfikún lásán. Àwọn tí a yìnbọn lù nínú òkùnkùn nítorí pé a rò pé olè ni wọ́n, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ ilé tí ó pẹ́ dé, kò yẹ kí ó wáyé nínú ilé kankan. Bí ojú kò bá rí ẹni náà kí ó sì dá a mọ̀, kí ìka má ṣe dé ibi ohun ìfà.

Bí wàhálà bá pẹ́

Ìmúrasílẹ̀ fún ìkún omi, ìjì tàbí ìgbà tí ọ̀nà dí fún ọ̀sẹ̀ kan béèrè ìbéèrè mìíràn: ọta wo ni a ó rí, mélòó ni a sì lè rù? Ọta .22 LR, tí ó ti wà láti ọdún 1887, ni ó borí gbogbo wọn níhìn-ín. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ̀ kò wúwo tó kílò 2, nígbà tí iye kan náà ti mìlímítà 9 ń súnmọ́ kílò 6, tí kátíríìjì 12 tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún péré sì ń súnmọ́ kílò 5. Ráífù .22 bíi Ruger 10/22, tí ó jáde ní ọdún 1964, kì í ta èjìká rárá, ó wúlò fún pípa ẹran kékeré, òun sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tuntun fi kọ́ ìbọn yíyìn. Kò yẹ láti fi ṣe ìbọn ààbò àkọ́kọ́. Agbára rẹ̀ kéré, ọta rẹ̀ sì máa ń kọ̀ láti yìn ju ti àwọn yòókù lọ nítorí bí wọ́n ṣe fi ohun ìdáná sí etí ìdí rẹ̀. Kékeré rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ohun ìṣeré: ó lè fò ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ.

N kò gba ẹbí ní ìmọ̀ràn láti kó oríṣi ìbọn mẹ́ta pẹ̀lú oríṣi ọta mẹ́ta jọ. Ìbọn kan tí gbogbo àgbàlagbà mọ̀ lò, àti .22 fún ìdánrawò bí owó bá wà, tó. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù, kí a fi ra omi, oògùn, bátìrì àti okùn ìdẹ̀jẹ̀dúró, nítorí pé nínú ìkún omi, àwọn wọ̀nyẹn ni a ó lò lójoojúmọ́. Ọta tí a bá pa mọ́ síbi gbígbẹ, tútù, tí oòrùn kò dé, máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́.

Ibi tí ìbọn yóò sùn

Owó àpótí irin gbọ́dọ̀ wà nínú owó ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ tó ìbọn ṣùgbọ́n tí kò tó àpótí, kí ó dúró. Orí kọ́ńbọ́ọ̀dù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú dúrọ́ọ̀ kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ọmọdé mọ gbogbo ibi tí òbí rò pé òun kò mọ̀. Ìbọn gígùn nílò kọ́ńbọ́ọ̀dù irin gíga tí kì í sábà yára ṣí, èyí sì ni ibi tí ìbọn ìléwọ́ ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọta tí a kò nílò ní kíákíá, kí ó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Okùn irin tí a ń gba inú ìbọn kọjá dára fún ìbọn tí a fi ń ṣe ìdánrawò nìkan, ṣùgbọ́n kò tó láti dá olè dúró.

Ìrora ọkàn náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń ta ìbọn kì í sábà sọ ọ́. Ìbọn tí ó wà nílé ń mú kí ewu ìgbẹ̀mí ara ẹni pọ̀ sí i fún gbogbo ẹni tí ń gbé ibẹ̀, nítorí pé kì í sábà fi àyè sílẹ̀ fún àtúnrò. Bí ọmọ ilé kan bá wà nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, tàbí tí ìwà ipá bá wà láàárín tọkọtaya, kí ìbọn kúrò nínú ilé náà pátápátá títí ara yóò fi yá, ní ọ̀nà tí òfin gbà. Mo gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ààbò jù láìní ìbọn.

Ilé wo, ìbọn wo

Fún tọkọtaya tí kò ní ọmọ kékeré, tí ilé wọn dá dúró, ìbọn kátíríìjì 20, pọ́ḿpù tàbí èyí tí ń ki ara rẹ̀, ni mo yàn. Fún ilé tí ọmọdé wà, níbi tí òfin bá gbà, písítù mìlímítà 9 tí ó tóbi díẹ̀, nínú àpótí tí a dè mọ́lẹ̀, bí òbí méjèèjì bá ṣetán láti máa ṣe ìdánrawò lóṣooṣù. Bí wọn kò bá ṣetán, kí wọ́n padà sí kátíríìjì 20 kí wọ́n sì tì í pa. Fún ilé alájọgbé tí ògiri rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ráífù .223 pẹ̀lú ọta tí orí rẹ̀ ń fọ́ yẹ ní àyẹ̀wò níbi tí òfin bá gbà á. Fún ẹni tí ó jìnnà sí ìlú, tí ẹranko búburú àti ènìyàn búburú jọ ń bọ̀ wá bá a, 12 ni kò ní já a kulẹ̀.

Kí a tó san owó fún èyíkéyìí, kí gbogbo àgbàlagbà ilé jọ lọ sí ibi ìyìnbọn tí wọ́n ti ń yá ìbọn fúnni lò, níwájú olùkọ́ tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ òfin mẹ́rin tí Jeff Cooper ará Amẹ́ríkà tò jọ: kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, kí ẹnu ìbọn má ṣe kọjú sí ohun tí a kò fẹ́ parun, kí ìka jìnnà sí ohun ìfà títí ojú yóò fi wà lórí ibi tí a fojú sùn, kí a sì mọ ohun tí a fẹ́ yìn àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù yin oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ki wọ́n fúnra rẹ̀, kí ó sì tú wọn fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ó bá fi bà dáadáa jù, tí kò sì bẹ̀rù láti tún gbé, ni kí ẹbí rà, kódà bí ọkọ tí ń san owó bá fẹ́ràn òmíràn.